Tí káńsù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn: ohun tó yẹ kí àwa Yorùbá Malali mọ̀

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìdìbò káńsù, ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní Òkè Ọya ni kì í ṣe nǹkan kan. A máa ń dìbò ààrẹ, a máa ń dìbò gómìnà. Tó bá wá ku ti alága káńsù àti káńsẹ́lọ̀, a ó ní ti àwọn onílé nìyẹn, kí ló kàn wá? A ó jókòó sílé, a ó máa wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó bá yá, alága tuntun ti wọlé, òṣìṣẹ́ káńsù ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rìsíìtì tuntun. Ìgbà yẹn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè pé ta ló yan eléyìí.

Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ń gbé Malali àti àdúgbò tó yí i ká. Ó ṣàlàyé káńsù tó ni wá, iṣẹ́ tó ń ṣe, bí agbára ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú mìíràn, àti ohun tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀: nígbà tí agbára bá yí ní káńsù, àlejò ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú ìwé ìdìbò ni wọ́n máa ń dá lóhùn.

Káńsù wo ló ni Malali?

Malali wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kaduna North. Gbogbo wa la mọ àdúgbò náà: ilé lókọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba kọ́ síbẹ̀, àti ilé-iṣẹ́ omi tó ń fa omi láti odò Kàdúná. Ṣùgbọ́n ìlú Kàdúná kì í ṣe káńsù kan. Mẹ́rin ló pín in mọ́wọ́: Kaduna North, Kaduna South, Chikun àti Igabi. Malali, Kawo, Badarawa, Unguwan Rimi àti ọjà ńlá Sheikh Gumi wà ní Kaduna North. Barnawa àti Kakuri wà ní Kaduna South. Sabon Tasha àti Gonin Gora wà ní Chikun. Rigasa àti Rigachikun wà ní Igabi.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pé ẹgbẹ́ kan ti gba Kàdúná fi gba àlàyé. Ẹgbẹ́ kan lè wà lórí oyè ní apá àríwá odò, kí òmíràn wà lórí oyè ní apá gúúsù. Ẹni tó ń gbé Malali tó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Sabon Tasha ti ní káńsù méjì lọ́rùn. Ẹni tó ń sùn ní Rigasa tó ń tajà ní Sheikh Gumi náà ní méjì. Ibì kan péré lèèyàn ti lè dìbò, nítorí náà ó yẹ kí olúkúlùkù ronú ibi tí ọ̀rọ̀ káńsù ti kàn án jù.

Iṣẹ́ wo ni káńsù ń ṣe?

Orí 7 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló ní kí ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn wà. Àtẹ Kẹrin òfin kan náà ló to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ wò ó bóyá èyíkéyìí wà níbẹ̀ tí kò kàn yín:

Ọjà, gáréèjì ọkọ̀, ilé ìpẹran àti itẹ́ òkú, káńsù ló ń dá wọn sílẹ̀ tó sì ń bójú tó wọn. Ṣọ́ọ̀bù, kíósìkì, ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì, káńsù ló ń ṣe àkóso wọn. Pátákó ìpolówó tí ẹ gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè gbowó lórí rẹ̀. Owó orí ilé, káńsù ló ń gbà á bí òfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Títì àdúgbò, gọ́tà, iná títì, kíkó ìdọ̀tí, fífún títì lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Wọ́n tún lọ́wọ́ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn kékeré.

Télọ̀ tó wà lẹ́bàá títì, ìyá tó ń ta àmàlà, vulcanizer, oníṣọ́ọ̀bù páàtì mọ́tò, gbogbo wọn lábẹ́ káńsù ni wọ́n ti ń jẹun. Ààrẹ kò mọ ibi tí kíósìkì yín wà. Alága káńsù mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tí Àtẹ Kẹrin kò dárúkọ, àmọ́ tó wà lọ́wọ́ káńsù jákèjádò Nàìjíríà: ìwé ọmọ onílùú. Ìwé yìí ni wọ́n ń bèèrè nígbà tí ọmọ bá ń wá ipò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, tàbí tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba. Ní 2006, àjọ Human Rights Watch tẹ ìwé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, Kàdúná, Kano àti Plateau ni wọ́n sì ti ṣe é. Wọ́n rí i pé ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú kan, tí wọ́n tún bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, kò lè rí ìwé náà gbà tí wọ́n bá ti kà á sí àlejò. Orí 42 òfin ìpìlẹ̀ ní kí a má ṣe fi ẹ̀yà tàbí ibi tí èèyàn ti wá yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, orí 318 wá túmọ̀ jíjẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan sí pé òbí tàbí òbí àgbà ẹni wá láti inú àwọn tó jẹ́ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Àárín orí méjèèjì yìí ni àwọn ọmọ wa wà. Ẹni tó wà lórí àga káńsù ló lè jẹ́ kí ọ̀nà yẹn gbòòrò tàbí kó há.

Báwo ni agbára ṣe ń yí?

Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ìjọba ìbílẹ̀ 23 àti wọ́ọ̀dù 255. Káńsù kọ̀ọ̀kan ní alága kan, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ní káńsẹ́lọ̀ kan. INEC kọ́ ló ń ṣe ìdìbò yìí. Àjọ ìpínlẹ̀ ni, tí a mọ̀ sí SIECOM ní Kàdúná, ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ olùdìbò tí INEC ṣe ni wọ́n ń lò. Ìyẹn ni pé PVC kan náà tí ẹ fi dìbò ààrẹ lẹ ó mú lọ.

Gómìnà ló ń yan àwọn tó wà nínú àjọ ìpínlẹ̀. Nítorí èyí, ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, ẹgbẹ́ tó bá wà nílé ìjọba ló máa ń kó káńsù tó pọ̀ jù. Ìlú kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ ìdìbò gómìnà, kí ìdìbò káńsù wá fi èdìdì dì í lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ gómìnà máa ń fi ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn fúnra wọn sípò alága, èyí tí a ń pè ní caretaker.

Ní 11 July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí aráàlú dìbò yàn, àti pé gómìnà kò gbọdọ̀ tú káńsù ká kó fi caretaker rọ́pò rẹ̀. Ìdájọ́ yìí sọ ìdìbò káńsù di nǹkan tó wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí owó bá ń dé ọwọ́ alága tààrà, aráàlú mọ ẹni tí wọ́n máa bi ní ìbéèrè.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná

Láti 1999 títí di 2015, PDP ló ń ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ náà: Makarfi, Namadi Sambo, Yakowa, Yero. Ní 2015, Nasir El-Rufai ti APC borí Yero. Ọdún mẹ́ta ku díẹ̀ lẹ́yìn tó gbàjọba, ìdìbò káńsù wáyé, ní 12 May 2018. Ìdìbò yẹn mì tìtì ní gbogbo Nàìjíríà nítorí ẹ̀rọ ni wọ́n fi dìbò. Kàdúná ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. APC kó èyí tó pọ̀ jù nínú káńsù, PDP náà rí mélòó kan mú ní apá gúúsù ìpínlẹ̀.

Wọ́n tún lo ẹ̀rọ ní 4 September 2021. Wọ́n sún ìdìbò síwájú ní àwọn ibì kan nítorí ètò ààbò, Chikun tó jẹ́ apá kan ìlú wa sì wà lára wọn. Ohun tí gbogbo ayé gbé kiri lọ́jọ́ yẹn ni ti Unguwan Sarki, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ibùdó ìdìbò tí gómìnà fúnra rẹ̀ ti dìbò, PDP ló borí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ gómìnà ṣì kó èyí tó pọ̀ jù nínú káńsù, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rí i pé ìwọ̀nba olùdìbò tó jáde ní àdúgbò kan lè sọ ọ̀rọ̀ tí ilé ìjọba máa gbọ́.

Ẹ tún wo 2023. Ní 25 February, PDP mú ìjókòó sẹ́nétọ̀ Kaduna Central, níbi tí Kaduna North wà. Lọ́jọ́ kan náà, APC mú ìjókòó ilé aṣojú-ṣòfin ti Kaduna North. Àwọn ará àdúgbò kan náà ló fún ẹgbẹ́ méjì ní ìbò lọ́jọ́ kan. Ní March, Uba Sani ti APC borí nínú ìdìbò gómìnà. Nígbà tó di 19 October 2024, SIECOM kéde pé APC ló borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 23 àti ní gbogbo wọ́ọ̀dù 255. PDP ní àwọn kò gbà.

A kò kọ èyí láti gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé láàárín ọdún méjì péré, àdúgbò kan náà lè wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan lókè, kó wà lọ́wọ́ òmíràn nísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ àlejò tó bá so ara rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ẹ̀bá ọ̀nà ni yóò bá ara rẹ̀ tí ọkọ̀ bá yí.

Ìbàdàn 1954: nígbà tí Yorùbá jẹ́ onílé, tí Yorùbá jẹ́ àlejò

Ẹ má jẹ́ ká rò pé Òkè Ọya nìkan ni ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò ti ń wọ inú ìdìbò káńsù. Ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwa fúnra wa.

Lẹ́yìn ìdìbò 1951, márùn-ún nínú aṣojú mẹ́fà tí Ìbàdàn yàn lábẹ́ Ibadan People's Party lọ dara pọ̀ mọ́ Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Adégòkè Adélabù nìkan ló dúró ti NCNC. Inú ń bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n ti gé Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ wọn, owó orí ń ni àgbẹ̀ lára, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí àwọn Ìjẹ̀bú ní nílùú sì ti di àríyànjiyàn. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ ní Òkè-Àdó àti àyíká rẹ̀. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, Ìbàdàn ló ń gbé.

Ní 1954, Adélabù, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Penkelemẹ́ẹ̀sì, kó àwọn àgbẹ̀ àti mẹ̀kúnnù jọ sínú ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́, wọ́n sì gba káńsù Ìbàdàn mọ́ Action Group lọ́wọ́. Adélabù di alága káńsù. Ìlú tó jẹ́ olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn wá bọ́ sọ́wọ́ alátakò, nígbà tí Awólọ́wọ̀ wà nílé ìjọba níbẹ̀ gan-an. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Nicholson láti yẹ ìwé káńsù wò, àbọ̀ rẹ̀ sì le fún Adélabù. Nígbà tí Adélabù kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 25 March 1958, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀mí ṣòfò.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa rèé. Wọ́n ti ka Ìjẹ̀bú tó wà ní Ìbàdàn mọ́ Action Group lódindi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníkálukú ló ní ọkàn tirẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá bínú sí ẹgbẹ́ kejì, àlejò tí wọ́n ti fi àmì ẹgbẹ́ sí lára ló máa ń bá wọn jìyà rẹ̀.

Jos 2008: nígbà tí ìdìbò káńsù di ìjà

Ìlú Jos kò jìnnà sí wa, àwọn Yorùbá sì ti pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ológun dá ìjọba ìbílẹ̀ Jos North sílẹ̀ ní 1991. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà lórí ẹni tó ni ín, nítorí ẹni tó bá jẹ́ alága níbẹ̀ ló wà lórí àárín ìlú, òun náà ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ọmọ onílùú. Wọ́n dìbò ní 27 November 2008. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ìjà ti bẹ́. Human Rights Watch ní èèyàn tó lé ní 700 ló kú. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà jóná.

Àwa tí a wà ní Kàdúná ní 2000 àti 2011 kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ bí iná ọ̀hún ṣe ń rí. Ìdìbò káńsù kì í ṣe eré. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká sá fún un, tí kò sì yẹ ká fi orí kunkun wọ inú rẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe

Èkíní, ẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tí ẹ ń gbé. Òfin ìdìbò ní ẹni tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ni. Kò sí ibi tí òfin ti ní àlejò kò gbọdọ̀ dìbò. Tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìwó nígbà kan, tí kì í sì í ṣe ibẹ̀ lẹ ń gbé mọ́, ẹ lè ní kí INEC gbé e wá sí Malali. Kò sí ẹni tó máa wọ mọ́tò lọ sílé nítorí ìdìbò káńsù Kàdúná.

Èkejì, ẹ mọ wọ́ọ̀dù yín àti ibùdó ìdìbò yín. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé: ìdílé mélòó ló ní PVC, wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n wà. Tí olùdíje bá wá kí wa, tí a bá lè sọ iye wa fún un, á fetí sílẹ̀. Ìdìbò káńsẹ́lọ̀ kì í fẹ́ èrò púpọ̀, ìbò díẹ̀ ló máa ń ya ẹni tó wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kùnà.

Ẹ̀kẹta, ẹ pe gbogbo olùdíje, kí ẹ má pe ẹnì kan ṣoṣo. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi wọ́n: eélòó ni ẹ ó máa gbà lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, ṣé ìwé tó ní nọ́ńbà lẹ ó máa fún wa? Kí lẹ máa ṣe fún ọmọ tí wọ́n bí síbí? Ta ló máa ṣe gọ́tà àdúgbò wa? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé, ẹ mú ìwé náà lọ bá wọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi orúkọ ẹgbẹ́ tàbí aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí ìpàdé òṣèlú. Ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣe APC, ó lè ṣe PDP, ó lè ṣe èyí tó bá wù ú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ti gbogbo wa ni. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ olùdíje lórúkọ ẹgbẹ́ ti ta wá.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Tí káńsù bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n lè ní àwọn kò mọ̀ nípa owó tí ẹ san fún àwọn tó ti lọ. Ìwé nìkan ló lè gbà yín sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má jìnnà sí Mai Unguwa àti àwọn ará àdúgbò. Ẹ lọ sí ìsìnkú wọn, ẹ lọ sí ìsọmọlórúkọ wọn. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ dìbò, ẹ padà sílé. Ẹ má gbé àhesọ kiri lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, aládùúgbò tó mọ̀ yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ má jáde.

Kí a tó kásẹ̀ ńlẹ̀

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ wa. Malali ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn sí. Hausa dá ṣáká lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Tí ẹ bá ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, wọ́n á bi yín pé ilé wo? Nítorí tiwọn ni káńsù ṣe kàn wá.

Ìdìbò 2018, 2021 àti 2024 jìnnà síra ní ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, èyí tó ń bọ̀ kò ní jìnnà sí 2027, ọdún kan náà tí wọ́n á dìbò ààrẹ àti gómìnà. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìyẹn dára fún ẹni tó dé lánàá. Àwa tí a ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níhìn-ín, ó ti tó àkókò ká máa fi ojú tiwa ríran. Ẹ lọ wo PVC yín lónìí. Tí kò bá sí ní Malali, ẹ gbé e wá.